Orúkọ Wo Ló Yẹ Obìnrin Tó Ń Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa ní Kéwú?



Gbogbo ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Onímọ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàábé rẹ̀, lọ́kùnrin àti lóbìnrin.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí lè kéré lójú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Kí ló yẹ kí a máa pe obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kéwú? Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé, "Ṣé èyí náà wá di wáàsí?" Ẹ fi sùúrù gbọ́ mi dé òpin.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ṣe wòlímọ̀ ní ilé-kéwú kan tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Èrò pé bíbí. Nígbà tó kan àwọn olùkọ́, ẹni tó ń darí ètò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Ùsítáàsì Lágbájá, ẹ dìde kí wọ́n rí yín!" A dìde, àwọn ènìyàn sì ké "Allaahu Akbar." Ó pe àwa ọkùnrin mẹ́rin pẹ̀lú orúkọ bàbá wa àti ibi tí a ti kàwé. Nígbà tó kan àwọn obìnrin mẹ́ta tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ó ní, "A kò sì ní gbàgbé àwọn àǹtí wa tó ń bá wa mójú tó àwọn ọmọ." Ó parí síbẹ̀. Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn fúnra wọn kò tilẹ̀ sí ní ìjókòó. Ẹ̀yìn kánópì ni wọ́n wà, tí wọ́n ń bu ìrẹsì sínú ike fún àwọn àlejò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn èrò ọjọ́ náà kò mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn ló kọ́ ọmọbìnrin tó ké Àlùkùránì lọ́jọ́ náà tí gbogbo àwùjọ fi dákẹ́ rọ́rọ́. Òun ló tún ẹnu ọmọ náà ṣe lórí tájúwíìdì, háráfì kan lẹ́yìn òmíràn, fún odidi ọdún mẹ́ta. Ọdún kan náà ni èmi àti òun gba ìwé ẹ̀rí Sánáwì. Nínú àwa ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n pè ní ùsítáàsì, ẹnìkan wà tí kò tíì jáde ní Ìdádì nígbà náà. Ẹni tó ṣì wà ní Ìdádì ni ùsítáàsì. Ẹni tó ti gba Sánáwì ni àǹtí.

Lẹ́yìn ètò, ọmọbìnrin tó ké Àlùkùránì yẹn wá kí wa. Àgbàlagbà kan bi í pé, "Kí lo fẹ́ dà lọ́la?" Ó dáhùn kíá pé, "Mo fẹ́ di àfáà, sà." A bú sẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà náà ní, "Obìnrin kì í jẹ́ àfáà." Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó ní, "Kí ni wọ́n á wá máa pè mí, sà?" Ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dá a lóhùn pé, "Wọ́n á máa pè ọ́ ní àǹtí." A tún bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ yẹn ni mo wá túúbá rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: orúkọ iṣẹ́ olùkọ́ gbọ́dọ̀ ti ara ìmọ̀ rẹ̀ wá. Bí ó bá jẹ́ pé ìmọ̀ ni a fi ń pe ọkùnrin, ìmọ̀ náà ni kí a fi pe obìnrin.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn orúkọ tí a ń pè wọ́n wò ná.

Àkọ́kọ́ ni àǹtí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn lẹ́nu, ìfẹ́ wà nínú rẹ̀, ọ̀wọ̀ sì wà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó ní ẹ̀kọ́ kì í pe ẹni tó jù ú lọ lórúkọ lásán, nítorí náà ọmọdé nílò ohun kan tí yóò fi ṣáájú orúkọ olùkọ́ rẹ̀. Mi ò bá àǹtí jà. Ṣùgbọ́n ta ni a kì í pè ní àǹtí? Ẹni tó ń dirun ní ìta ni àǹtí. Ẹni tó ń ta bisikíìtì ní ṣọ́ọ̀bù ni àǹtí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa, aládùúgbò wa, ọmọ ìyá bàbá wa, àǹtí ni gbogbo wọn. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni pé, "Ẹ jù mí lọ." Kò sọ ohun tí ẹni náà mọ̀.

Èkejì ni ìyá àfáà. Ní àwọn ilé-kéwú àtijọ́, bí àfáà bá lọ sí òde ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ ló sábà máa ń jókòó ti àwọn ọmọ pẹ̀lú wàláà. Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé lọ́wọ́ ìyá àfáà ni a ti mọ alífù àti bá'ù. Síbẹ̀, orúkọ tí a fún un kò sọ ju pé àfáà ni ọkọ rẹ̀. Bí àfáà bá kú lónìí, ìmọ̀ obìnrin náà kò bá a wọ sàréè.

Ẹ̀kẹta ni mísìsì, èyí tí àwọn ilé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni fi ń pe olùkọ́ obìnrin. Ẹ wò ó dáadáa. Bí olùkọ́ ọkùnrin bá láya, mísítà ni. Bí kò bá láya, mísítà náà ni. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò tíì lọ́kọ, mísì ni. Ọjọ́ tó bá lọ́kọ, ó di mísìsì. Ohun tí ọmọ kọ́kọ́ ń gbọ́ nípa olùkọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé ọkọ, kó tó gbọ́ ohun tí ó wá kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹrin ni Alhaja. Orúkọ iyì ni, kí Ọlọ́hun pe gbogbo wa dé ilé Rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ni pé ẹni náà ti lọ sí Hájì. Oníṣòwò aṣọ tó ti dé Mẹ́kà ni Alhaja. Mọ́dirisà tí owó kò tíì jẹ́ kó lọ kì í ṣe Alhaja. Àwọn mìíràn sì wà tí a ń pè bẹ́ẹ̀ láti fi yẹ́ wọn sí, tí wọn kò tíì débẹ̀ rárá. Irọ́ kékeré ni a ń fi ṣe àpọ́nlé níbẹ̀ yẹn, kò sì yẹ kí ó wà nínú ilé ìmọ̀.

Mádáàmù náà wà. Ẹni tó bá wá ra ata lọ́jà, mádáàmù ni.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ: àǹtí sọ ọjọ́ orí, ìyá àfáà àti mísìsì sọ ọkọ, Alhaja sọ ìrìn-àjò, mádáàmù kò sọ nǹkan kan. Kò sí èyí tó sọ pé obìnrin yìí mọ nǹkan, ó sì ń kọ́ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti èdè Yorùbá. Èdè wa kì í ya ọkùnrin àti obìnrin sọ́tọ̀ bí àwọn èdè mìíràn ṣe ń ṣe. Bí mo bá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀, ó ti dé Ọ̀jọ́ọ̀," ẹ kò lè mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin títí ẹ ó fi rí i. Àbúrò bẹ́ẹ̀, ọmọ bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ni ni olùkọ́, ó tán. Kódà àfáà, tí ó bá àwọn oníṣòwò àti onímọ̀ láti apá Mali àti Songhai wọ ilẹ̀ wa láyé àtijọ́, kò ní àmì akọ lára lédè wa. Àwa la fi ìṣe wa ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn obìnrin. Ilẹ̀kùn yẹn kò sí lára ọ̀rọ̀ náà.

Ní ti èdè Lárúbáwá, èyí tí mo fi ń jẹun, ó máa ń ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Nítorí ìdí yẹn gan-an ló fi ní orúkọ fún obìnrin onímọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Olùkọ́ ọkùnrin ni mu'allim, obìnrin ni mu'allimah. Mudarris ni ọkùnrin, mudarrisah ni obìnrin. Ustaadh, ustaadhah. Mudiir tó jẹ́ ọ̀gá ilé-kéwú, bó bá jẹ́ obìnrin, mudiirah. Shaykh, shaykhah. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní kíláàsì nahw mọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: taa' marbuutah, háráfì tó rí bí haa' tí a fi tóótó méjì lé lórí.

Mo ti gbọ́ kí ẹnìkan sọ pé ustaadhah "kò wúwo" bí ustaadh, pé ó dà bí ìgbà tí a gé nǹkan kúrò lára ọ̀rọ̀ náà. A kò gé nǹkan kan kúrò. A fi kún un ni. Mo sì fẹ́ kí ẹ rántí ẹ̀kọ́ kan nínú gírámà. Aalim ni onímọ̀. Bí ìmọ̀ ẹni náà bá pọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, a ní allaam. Bí a bá wá fẹ́ sọ pé òkun ni, tí kò ní ẹlẹ́gbẹ́, kí ni a ń pè é? Allaamah. Taa' marbuutah kan náà ni Lárúbáwá fi dé e ládé, àwọn ọkùnrin ńláńlá tí wọ́n kọ ìwé rẹpẹtẹ sì ń jẹ́ ẹ láìjanpata. Ẹ tún wo Hamzah àti Talhah, àwọn akọni ojú ogun. Taa' marbuutah ló parí orúkọ wọn. Ta ló lè sọ pé ó dín wọn kù? Háráfì náà kò ní ẹ̀bi. Ojú tí a fi ń wo obìnrin tó jókòó níwájú pátákó ló yẹ kí a tún ṣe.

Kì í sì ṣe pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti Lárúbáwá nìkan. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn Mùsùlùmí ibòmíràn, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa. Àwọn Hausa mú mu'allim, wọ́n sọ ọ́ di malam. Wọn kò fi obìnrin sílẹ̀. Malama ni òun. Bí ẹ bá dé Sábó ní Ìbàdàn, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ní Sókótó, Nana Asma'u, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, tí wọ́n bí ní 1793 tó sì kú ní 1864, kọ ìwé ní èdè Lárúbáwá, Fulfulde àti Hausa. Ó kó àwọn obìnrin jọ sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní 'Yan Taru. Àwọn obìnrin máa ń ti ìletò wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́, wọn á sì padà lọ kọ́ àwọn obìnrin yòókù nílé. Olórí wọn ní ìletò kọ̀ọ̀kan ni ó pè ní jaji. Orúkọ ẹni tó ń ṣáájú àwọn arìnrìn-àjò lójú ọ̀nà, tó mọ ibi omi, tó mọ ibi ewu, ni jaji tẹ́lẹ̀. Nana Asma'u gbé orúkọ iyì yẹn fún obìnrin tó ń kọ́ni. Ó tún fún wọn ní malfa, fìlà tí a fi koríko hun, tí a wé aṣọ pupa mọ́, kí ẹni tó bá rí wọn lókèèrè mọ̀ pé olùkọ́ ló ń bọ̀. Ẹ wo ọgbọ́n obìnrin yìí. Ó fún wọn ní ìmọ̀, kò sì fi wọ́n sílẹ̀ láìní orúkọ àti àmì. Abẹ́ àsíá Sókótó ni Ìlọrin wà nígbà náà, nítorí náà kì í ṣe ìtàn ọ̀nà jíjìn ni mo ń sọ.

Bí a bá lọ sí apá ìlà-oòrùn Áfíríkà, mu'allim náà ló di mwalimu lédè Swahili, ọkùnrin àti obìnrin ló sì ń jẹ́ ẹ. Orúkọ yẹn níyì débi pé òun ni àwọn ará Tanzania fi ń pe Julius Nyerere, ààrẹ wọn àkọ́kọ́ tó ti ṣe tíṣà rí, títí ó fi kú. Ní Malaysia, ustaz ni olùkọ́ ẹ̀sìn tó jẹ́ ọkùnrin, ustazah ni obìnrin, ọmọdé ibẹ̀ kò sì rí i bí ohun àrà. Ní Íjíbítì, àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń pe olùkọ́ wọn obìnrin ní abla, ọ̀rọ̀ àwọn ará Tọ́kì tó túmọ̀ sí ẹ̀gbọ́n obìnrin. Ẹ rí i pé àǹtí wa ní ọmọ ìyá lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n bí obìnrin ibẹ̀ bá ń kọ́ni ní yunifásítì, ustaadhah ni wọ́n ń pè é.

Ẹnìkan lè ní, "Àṣà àwọn ènìyàn nìyẹn. Kí ni àwọn aṣíwájú wa nínú ẹ̀sìn ṣe?" Ìbéèrè tó dára ni. Ìyá wa Aishah, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, gba hádíìsì tó lé ní 2,000 wá fún wa, àwọn sàábé àgbà sì ń lọ bi í léèrè. Ash-Shifaa' ọmọ Abdullah mọ̀wé kọ nígbà tí àwọn tó mọ̀wé kọ nínú Quraysh kò pọ̀, òun ló sì kọ́ ìyá wa Hafsah ní ìwé kíkọ, pẹ̀lú ìmọ̀ràn Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Umm ad-Dardaa' kékeré kọ́ni ní Damásíkù, Abdul-Malik ọmọ Marwaan tó jẹ́ kálífà sì jókòó sí ìdí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kariimah, obìnrin Marw tó fi Mẹ́kà ṣe ibùgbé tó sì kú ní ọdún 463 Híjírà, ni àwọn onímọ̀ ń wá bá láti ka Sahiih al-Bukhaarii lọ́dọ̀ rẹ̀. Al-Khatiib al-Baghdaadii wà lára wọn.

Nínú àwọn ìwé tí wọ́n ti kọ ìtàn àwọn onímọ̀, shaykhah àti musnidah ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba hádíìsì lọ́dọ̀ wọn kì í tijú. Yóò kọ haddathatnii, pẹ̀lú taa' abo nínú rẹ̀ gbangba, kí gbogbo ayé mọ̀ pé obìnrin ló kọ́ òun. Háráfì kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ ìmọ̀ wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ orúkọ wọn bí àwa ṣe pe ti àwọn obìnrin mẹ́ta lọ́jọ́ wòlímọ̀, kí ni a ò bá rí kà lónìí? "Àwọn àǹtí wa kan ní Mẹ́kà."

Ẹ̀sìn wa kò fojú kékeré wo orúkọ. Súrà al-Hujuraat kọ̀ fún wa láti máa fi orúkọ tí kò dára pe ara wa. Ànábì wa fúnra rẹ̀ yí orúkọ àwọn ènìyàn padà. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Aasiyah, èyí tó túmọ̀ sí aláìgbọràn. Ó sọ ọ́ di Jamiilah, arẹwà. Mi ò sọ pé èébú ni àǹtí. Mo ń sọ pé ẹni tí Ànábì yìí jẹ́ aṣíwájú rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ pé, "Orúkọ lásán ni."

Yorùbá náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni a ó ṣe bá a pè é. Bí ó bá pè é ní pàǹkàrà, wọ́n á fi kólẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń fi ti àwọn wọ̀nyí kólẹ̀.

Mo ti ṣiṣẹ́ ní ilé-kéwú tó ju ẹyọ kan lọ. Mo ti rí ibi tí ọkùnrin àti obìnrin ti ń kọ́ kíláàsì kan náà, ní wákàtí kan náà, tí owó obìnrin kéré. Bí ẹ bá bèèrè ìdí, wọ́n á ní, "Ó lọ́kọ tó ń bọ́ ọ." Ta ló bi wọ́n léèrè ọkọ? Ṣebí iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún un. Mo ti rí ìpàdé àwọn olùkọ́ níbi tí wọ́n ti ń jíròrò ìwé tí a ó máa kà, tí wọ́n sì rán àwọn àǹtí lọ ra omi. Mo ti rí òbí tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ ọmọ rẹ̀, tó wá bá èmi tí mi ò kọ́ ọmọ náà rí, láti bi mí bí ọmọ òun ṣe ń ṣe sí. Orúkọ nìkan kọ́ ló fa gbogbo èyí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ni ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà wọlé. Àǹtí ni a lè rán lọ ra omi. Ó ṣòro kí a tó rán ustaadhah.

Àwọn ọmọbìnrin wa sì ń wò wá. Ẹ lọ wo kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-kéwú tó wà ládùúgbò yín, àwọn ọmọbìnrin kún ibẹ̀. Ẹ wá gòkè lọ sí Sánáwì, kí ẹ fojú yín ka iye tó kù. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń fà á: owó, ìgbéyàwó, iṣẹ́ ilé, òwò ìyá wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ láti tún ṣe ni pé ọmọ náà kò rí orúkọ kan lókè tó jọ tirẹ̀. Ọmọkùnrin mọ̀ pé bí òun bá rọ́jú kà á tán, òun á di ùsítáàsì. Ọmọbìnrin mọ̀ pé bí òun kà á tán tàbí òun kò kà á tán, àǹtí náà ni òun yóò jẹ́. Kí ni yóò wá fi rọ́jú?

Mo ti gbọ́ àwọn àtakò, ó sì yẹ kí n dáhùn wọn.

Àwọn kan ní orúkọ ńlá máa ń fa ìgbéraga, pé kí obìnrin onímọ̀ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ìgbéraga burú. Ṣùgbọ́n bí àrùn bá wà nínú orúkọ, kí àwa ọkùnrin kọ́kọ́ bọ́ tiwa sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa jẹ́ "bọ̀dá" ní ilé-kéwú kí àwọn obìnrin tó máa jẹ́ àǹtí. Mi ò tíì rí ùsítáàsì tó gbà.

Àwọn mìíràn ní kì í ṣe gbogbo obìnrin tó ń kọ́ni ló ní ìmọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Kì í ṣe gbogbo ọkùnrin pẹ̀lú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé ọdún méjì, tó ra jàlàbíà, tó sì da fìlà borí, ùsítáàsì ni lójú ẹsẹ̀. Òṣùwọ̀n kan náà ni mò ń bèèrè fún. Ẹni tó bá kàwé, tó sì ń kọ́ni, kí ó gba orúkọ náà. Ẹni tí kò bá tíì tó o, ọkùnrin tàbí obìnrin, kí ó lọ kàwé sí i.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ìyá tí wọ́n ní, "Ọmọ mi fẹ́ràn àǹtí rẹ̀, ẹ má ba ìfẹ́ yẹn jẹ́." Èyí ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń sunkún ní òwúrọ̀ nílò àǹtí, ó nílò àyà tí yóò gbórí lé. Ẹ jẹ́ kí ó máa pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ń ka súrà, bí a bá ti wà ní ìpàdé, bí a bá ń kọ orúkọ sínú ìwé ètò, bí a bá wà lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ pè é ní ohun tí ó jẹ́. Yàrá ìfẹ́ wà, yàrá ìmọ̀ náà wà.

Kí wá ni kí a máa pè wọ́n? Ní ilé-kéwú, ustaadhah dára, ahọ́n Yorùbá yóò sọ ọ́ di ùsítáàsà bí ó ti sọ ustaadh di ùsítáàsì. Kí a má bẹ̀rù pé a ń ba Lárúbáwá jẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Páṣíà ni Lárúbáwá fúnra wọn ti yá ọ̀rọ̀ náà. Mu'allimah náà dára fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Bí obìnrin bá jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, mudiirah ni. Ní ilé-ìwé gbogboogbò, olùkọ́ tàbí tíṣà tó fún ọkùnrin àti obìnrin, láìsí ọ̀rọ̀ ọkọ nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin mudiir, ẹ kọ orúkọ wọn sára ilẹ̀kùn kíláàsì àti sínú ìwé ètò wòlímọ̀, ẹ fi àyè ìjókòó wọn sílẹ̀ níbi tó yẹ wọ́n, kí ẹ sì tún wo owó oṣù wọn. Bí ẹ bá yí orúkọ padà tí ẹ fi owó sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹnu lásán ni ẹ fi ṣe é. Ẹ̀yin òbí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ́ ọmọ yín ni kí ẹ lọ, òun ló mọ ọmọ yín. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń kọ́ni, mo ti gbọ́ tí ẹ ń sọ pé, "Èmi, àǹtí lásán ni mí." Ẹ yé sọ ọ́. Àmáánà ni ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ yín, a kì í sì pe àmáánà Ọlọ́hun ní ohun lásán.

Níbi tí mo wà báyìí, mo ti bẹ̀rẹ̀. Ní sáà tó kọjá, mo sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé olùkọ́ yàrá kejì ni kí wọ́n máa pè ní ùsítáàsà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti mọ́ wọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kí mi dáadáa, ó ní, "Ùsítáàsì, ẹ jọ̀ọ́, ùsítáàsà dà? Ọ̀dọ̀ wọn ni mo wá, lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ mi." Mo nawọ́ sí yàrá kejì. Inú mi dùn pé kì í ṣe èmi ló wá bá.

Ọmọbìnrin ọjọ́ wòlímọ̀ yẹn ti dàgbà báyìí, mi ò sì mọ ibi tó wà. Ó bi wá ní ìbéèrè kan, a fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Bí ó bá ṣe kòńgẹ́ ọ̀rọ̀ yìí níbikíbi tó wà, ìdáhùn tó tọ́ sí i nìyí: kàwé rẹ parí, ọmọ mi. Ùsítáàsà ni wọ́n á máa pè ọ́.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ ṣe wá ní àǹfààní, kí Ó san ẹ̀san rere fún gbogbo ẹni tó kọ́ wa ní háráfì kan, kí Ó sì dárí jì wá níbi tí a kò ti mọ iyì wọn. Àmín.